Ẹ má tíì háyà drone o: àṣìṣe tẹ́yin oní-fídíò ìtàn ń ṣe lórí Ṣónẹ́kàn

Tí n bá tún rí fídíò kan sí i tí wọ́n ti dé fìlà ṣọ́jà fún Ernest Ṣónẹ́kàn, olórí ìjọba fìdíhẹ Nàìjíríà ní 1993, màá ju fóònù mi sódò Ògùn. Mi ò ṣeré rárá. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa bá àwọn èèyàn ka ọ̀rọ̀ sórí fídíò ìtàn, kí n bá wọn gé e, kí n bá wọn tò ó, torí náà mo máa ń rí iṣẹ́ yín kí ayé tó rí i, mo sì máa ń gbọ́ iye tẹ́ ẹ ti ná kẹ́ ẹ tó gbé e dé ọ̀dọ̀ mi, ibẹ̀ gan-an ló ti ń ká mi lára. Owó á ti tán, wọ́n á wá ní "ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣáà bá wa fi ohùn yín gbé e", bí ẹni pé ohùn mi yìí, táwọn ọmọ mi sọ pé ó jọ ti ẹni tó ń kéde òkú ní rédíò, lè sọ irọ́ di òótọ́.

Mi ò ní kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń tan kámẹ́rà, ẹ ti mọ̀yẹn. Ibi tówó yín ń gbà jò ni mo fẹ́ sọ. Ṣónẹ́kàn ni mo sì mú torí pé gbogbo June 12 tó bá ti dé lẹ máa ń ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé ọkùnrin kan wà láàárín Babangida àti Abacha, ẹ ó wá sáré ṣe é mọ́jú.

Ó yá.

1. Ẹ bọ́ aṣọ ṣọ́jà kúrò lọ́rùn ẹ̀. Lọ́yà ni, kò ṣe ológun rí lọ́jọ́ ayé ẹ̀.

2. Abẹ́òkúta kọ́ ni wọ́n bí i sí. Ọmọ Ẹ̀gbá ni lóòótọ́, àmọ́ Èkó ni wọ́n bí i sí, lọ́jọ́ 9 Oṣù Karùn-ún 1936, Èkó náà ló ti lọ sí CMS Grammar School. Ẹnì kan háyà drone, ó háyà ẹni tó máa fò ó, ó sanwó òtẹ́ẹ̀lì fún gbogbo wọn, wọ́n lọ ya Olúmọ látòkè, wọ́n yà á lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n yà á nígbà tí oòrùn ń wọ̀, ó dáa lójú o, mi ò ní parọ́. Ó wá ní kí n kà á sórí ẹ̀ pé "ní ìdí àpáta yìí ni wọ́n bí ọmọkùnrin náà sí". Mo ní ta ló sọ fún ẹ? Ó ní ṣebí Ẹ̀gbá ni. Mo ní ṣé gbogbo Ẹ̀gbá ni wọ́n ń bí sídìí Olúmọ? Kò dáhùn. Wọ́n ṣì gbé e jáde bẹ́ẹ̀, ẹlòmíì ló bá wọn kà á.

3. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ ìtàn ẹ̀ ní 1993.

Èyí ló ń bí mi nínú jù, ẹ fara balẹ̀, mo máa pẹ́ níbí. Gbogbo fídíò yín ló jọra. Orin ìbànújẹ́, Babangida ń buwọ́ lùwé, òjò ń rọ̀ (òjò wo?), lẹ́yìn náà Ṣónẹ́kàn á kàn yọ, dígí lójú, fìlà lórí, ẹni ọdún 57, ẹ ò sì sọ ibi tó ti ń bọ̀. Ẹni tó ń wò ó á rò pé ńṣe ni wọ́n rí i níbi tó dúró sí létí títì tí wọ́n ní kó wọlé wá jókòó.

Ní 1964 ló wọ UAC, lẹ́yìn tó ti ka ìmọ̀ òfin ní Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ̀ka òfin ni wọ́n fi í sí. Ilé iṣẹ́ náà rán an lọ sí Harvard Business School ní Amẹ́ríkà, ó padà wá, ó ń gòkè díẹ̀díẹ̀ nínú ẹ̀ka òfin yẹn, ó wọ ìgbìmọ̀ olùdarí nígbà tó di ẹni 40 ọdún, nígbà tó fi máa di 1980 òun ni alága, òun náà ni ọ̀gá àgbà. Ẹ ṣírò ẹ̀ fúnra yín. Bí ọdún 29 nínú ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo, bíi 13 nínú ẹ̀ lórí àga tó ga jù. Ẹ wá fi gbogbo fídíò sọ ti oṣù mẹ́ta, ẹ fi ìlà kan péré sọ ti ọdún 29: "ó ti bá UAC ṣiṣẹ́ rí". Rí kẹ̀! Bíi ká sọ pé ó yà níbẹ̀ lọ mumi.

Ẹ tiẹ̀ mọ nǹkan tó ń jẹ́ UAC láyé ìgbà yẹn? 1929 ni wọ́n da ilé iṣẹ́ òyìnbó méjì pọ̀ tó fi di United Africa Company. Ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì ni Niger Company, ìyẹn ilé iṣẹ́ tí wọ́n fún níwèé àṣẹ láyé Ọbabìnrin Victoria, tó ń gba owó ibodè, tó ní ṣọ́jà tiẹ̀, tó ń ṣèjọba lé àwọn èèyàn lórí lẹ́bàá odò Ọya títí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi gba àṣẹ yẹn lọ́wọ́ ẹ̀ nígbà tí 1899 ń parí lọ. Ẹ gbọ́ o. Ilé iṣẹ́ tí ìdí ẹ̀ ti fìgbà kan ṣèjọba lórí apá kan ilẹ̀ yìí, ọmọ Ẹ̀gbá tó di ọ̀gá ẹ̀ ló wá bọ́ sórí ìjọba gbogbo Nàìjíríà ní 1993. Ìbẹ̀rẹ̀ fídíò nìyẹn! Ọ̀fẹ́ ni! Kò gba drone, kò gba òjò.

Kingsway, ilé ìtajà ńlá tí àwọn ìyá wa fi ń yangàn, UAC ló ni ín. Ọwọ́ ẹ̀ wà nínú dídá Nigerian Breweries sílẹ̀ ní 1946. Ó ní ilé iṣẹ́ pákó ńlá ní Sapele. Gálà tẹ́ ẹ̀ ń na ọwọ́ jáde láti inú mọ́tò rà nínú go-slow, 1962 ni wọ́n ti ń ṣe é. Mr Bigg's tí gbogbo ọmọ Èkó ọjọ́ yẹn ti ṣọjọ́ ìbí, 1986 ni UAC ṣí i, ta sì ni alága UAC ní 1986? Òun náà ni. Mo sọ èyí fún ọmọkùnrin kan tó fẹ́ ra fídíò àtijọ́ lówó gọbọi, mo ní lọ ra Gálà kan, gbé kámẹ́rà ẹ lọ sí Ojota lásìkò tí ọ̀nà dí, ya ọmọ tó ń sáré tẹ̀ lé mọ́tò, kó o wá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ẹ látibẹ̀. Ó rò pé mò ń fi òun ṣẹ̀sín.

Ẹ ò sì sọ bí ọmọ Nàìjíríà ṣe débi tó fi lè di ọ̀gá níbẹ̀, torí tiẹ̀ ò ṣèèṣì. Ìjọba Gowon ṣòfin ní 1972 pé kí àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó máa ta ìpín fún ọmọ onílẹ̀, wọ́n tún mú un le sí i ní 1977, tó fi jẹ́ pé fún ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ńlá, ìpín 60 nínú 100 ló gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ ọmọ Nàìjíríà. UAC ti wọ ọjà ìpín nínú 1974. Nígbà tí nǹkan wá rí báyìí, wọ́n nílò ọmọ Nàìjíríà tó mọ òfin, tó mọ ilé iṣẹ́ náà tinú-tẹ̀yìn, tí òyìnbó lè finú tán, ẹni tó sì wà nílé tẹ́lẹ̀ ni Ṣónẹ́kàn. Lẹ́yìn náà ni SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ìjọba Babangida, wá dé ní 1986, náírà ń já wálẹ̀, nǹkan tí ilé iṣẹ́ ń rà wá láti òkè òkun di ọ̀wọ́n gógó. Ẹni tó darí ilé iṣẹ́ tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ la irú àkókò yẹn já, ẹ ò rí nǹkan kan sọ nípa ẹ̀? Ẹ ń wá àṣírí kiri.

Ẹ wá ẹni tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Wọ́n pọ̀. Wọ́n ti dàgbà ni, wọ́n ń kú, ẹ sì ń náwó lórí orin. Mo bá ìyá kan jókòó n'Íbàdàn, ó ti ta ọjà ní Kingsway nígbà èwe ẹ̀. Káàdì òṣìṣẹ́ ẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀, nínú àpò Bíbélì. Mo ní kí wọ́n sọ bí iṣẹ́ ṣe rí fún mi, wọn ò sọ nǹkan kan, wọ́n ní kí ọmọ-ọmọ àwọn bá àwọn mú páálí ìpara kan wá àti ìwé ìròyìn àná, wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù lórí itan wọn níbẹ̀. Wọ́n ká igun kan wọlé, wọ́n fi èékánná tẹ̀ ẹ́ kó gún, wọ́n ká ìkejì, wọ́n yí i po, ó le kanranjángbọ́n láìsí pé wọ́n fi gọ́ọ̀mù kàn án. Wọ́n ní tí igun kan ò bá gún báyìí, alábòójútó á ní kéèyàn tú u dì níwájú oníbàárà. Wọ́n ní gbogbo nǹkan ló níwèé: o mú ohun tó bàjẹ́ kúrò lórí pẹpẹ, ó níwèé, o pẹ́ kó o tó dé, ó níwèé, o fẹ́ lọ síbi òkú bàbá ẹ, ó níwèé, ẹni mélòó kan ló sì gbọ́dọ̀ buwọ́ lu ìwé yẹn kó tó dé òkè.

Ìgbà tí mo gbọ́ ìyẹn ni gbogbo 1993 ṣẹ̀ṣẹ̀ wá yé mi dáadáa. Ohun tí mo gbà gbọ́ nípa Ṣónẹ́kàn rèé, ẹni tí kò bá gbà kó kọ tiẹ̀. Lọ́yà ni, ó wá fi bí ọdún 29 wà nílé tí ìwé ti ń ṣiṣẹ́, tó jẹ́ pé tí ìgbìmọ̀ bá ti jókòó, tí wọ́n bá ti fọwọ́ sí i, ọ̀rọ̀ ti bùṣe nìyẹn, ẹni tó wà ní Sapele á ṣe é, ẹni tó wà ní Kano á ṣe é. Wọ́n wá gbé Nàìjíríà fún un pẹ̀lú dìkírì nọ́ńbà 61, òfin ìjọba ológun. Kò lẹ́gbẹ́ òṣèlú, kò ní wọ́ọ̀dù, kò sẹ́ni tó dìbò fún un, kò ní ṣọ́jà kan ṣoṣo tó jẹ́ tiẹ̀. Ìwé ló ní. Tẹ́ ẹ bá ti fi èyí sọ́kàn, gbogbo nǹkan tó ṣẹlẹ̀ láàárín Oṣù Kẹjọ sí Oṣù Kọkànlá á máa tò tẹ̀ léra wọn fúnra ẹ̀, ẹ ò ní nílò àṣírí kankan, ẹ ò ní nílò babaláwo Babangida tẹ́ ẹ máa ń fi sí i.

4. Ẹ má sọ òun àti Abíọ́lá di irú oníṣòwò kan náà. Ẹ̀gbá làwọn méjèèjì, ọdún tí wọ́n bí wọn tẹ̀ léra, 1936 àti 1937, ẹ ó wá máa gbé wọn dojú kọra bí àwọn tó ń bára wọn du ọjà. Abíọ́lá ṣiṣẹ́ fún ITT, ilé iṣẹ́ tẹlifóònù ilẹ̀ Amẹ́ríkà, lóòótọ́, àmọ́ ó dá tiẹ̀ sílẹ̀, ó ní ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn Concord, ó ní bàálù, ó ń náwó fún gbogbo ayé, òkìkí ẹ̀ kan káàkiri kí ìbò tó dé. Ṣónẹ́kàn, owó oṣù ló ń gbà. Owó oṣù tó pọ̀ o, ẹ jọ̀ọ́, mi ò sọ pé tálákà ni, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ onílé iṣẹ́ ló ń darí. Ẹni tó ń ná owó ara ẹ̀ àti ẹni tó ń buwọ́ lu owó onípìn-ín, ìwà wọn nínú ìṣèlú ò lè jọra. Abíọ́lá lọ bá àwọn èèyàn, ó ní kí wọ́n dìbò fóun. Ṣónẹ́kàn ní tiẹ̀, wọ́n pè é ni.

5. Kò díje dupò ní June 12. Abíọ́lá ti ẹgbẹ́ òṣèlú SDP àti Bashir Tofa ti ẹgbẹ́ NRC ló díje.

6. Ẹ yéé da ipò méjèèjì tó dì mú ní 1993 pọ̀. Ọjọ́ 2 Oṣù Kìíní ni Babangida fi í ṣe olórí ìgbìmọ̀ tó yẹ kó múra ìlú sílẹ̀ fún ìjọba alágbádá, wọ́n ń pè é ní olórí ìjọba, àmọ́ Babangida ṣì ni Ààrẹ, ọwọ́ ẹ̀ ni gbogbo agbára wà. Ọjọ́ 26 Oṣù Kẹjọ ló wá di olórí ìjọba fìdíhẹ, nígbà tí Babangida lọ. Láàárín méjèèjì yẹn ni ìbò June 12 wà, ibẹ̀ náà ni ìfagilé ti ọjọ́ 23 Oṣù Kẹfà wà. Tẹ́ ẹ bá dà wọ́n pọ̀, ẹ ò ní rí ìbéèrè tó yẹ kẹ́ ẹ béèrè, pé nígbà tí wọ́n fagi lé ìbò yẹn, níbo ni olórí ìjọba wà? Ó wà lórí àga ẹ̀. Àwọn tó fẹ́ràn ẹ̀ máa ń fò ó, àwọn tó kórìíra ẹ̀ náà ò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Iye ọjọ́ tó lò lórí ìjọba fìdíhẹ ńkọ́? Ẹ kàn ń jà lórí 82, 83, 84. Ọjọ́ 26 Oṣù Kẹjọ sí ọjọ́ 17 Oṣù Kọkànlá: tẹ́ ẹ bá ka ọjọ́ àkọ́kọ́ àti ọjọ́ ìkẹyìn mọ́ ọn, 84, tẹ́ ẹ bá ka ẹyọ kan, 83, tẹ́ ẹ bá yọ méjèèjì, 82. Ẹ mú ọ̀kan kẹ́ ẹ dúró tì í. Ẹnì kan sanwó kí wọ́n bá a ṣe nọ́ńbà tó ń ká lọ lójú fídíò, ó ká dé 82, ó dúró, èmi ń kà á nísàlẹ̀ pé "ọjọ́ 84", bó ṣe kọ ọ́ fún mi nìyẹn.

Ẹ má pe ìjọba ẹ̀ ní ìjọba ológun, ẹ má sì pè é ní ìjọba tí ará ìlú yàn.

Èwo la wà báyìí? Ìkeje ni àbí ìkẹsàn-án, ẹ bá mi kà á, mi ò padà lọ òkè mọ́.

Ọ̀rọ̀ kọ́ọ̀tù. Ẹ̀yin ò kì í fi kọ́ọ̀tù sí i rárá, ó sì ń yà mí lẹ́nu torí ibẹ̀ ló ti dùn jù. Ọjọ́ 10 Oṣù Kọkànlá 1993, Adájọ́ Dọlápọ̀ Akinsanya ní ilé ẹjọ́ gíga Èkó dájọ́ pé ìjọba fìdíhẹ ò bófin mu. Abíọ́lá ló pẹjọ́. Ẹ rò ó wò: lọ́yà tó ti fi gbogbo ayé ẹ̀ wá ibi tí ìwé ti lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ fún ilé iṣẹ́, adájọ́ ló wá sọ fún un pé ìwé tóun gan-an jókòó lé ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan péré lẹ́yìn náà ó ti kúrò níbẹ̀. Ẹ ò rí ìyẹn fi ṣe nǹkan kan, ẹ lọ sanwó fún ìró ìbọn. Kò sẹ́ni tó yìnbọn! Abacha àtàwọn ọ̀gágun lọ bá a, ó kọ̀wé fipò sílẹ̀, Abacha gba ìjọba lọ́jọ́ 17, ó tú àwọn ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ká, ó tú ẹgbẹ́ òṣèlú ká, ó lé àwọn gómìnà lọ sílé.

Abacha náà, ẹ má jẹ́ kó yọ lójijì. Inú ìjọba yẹn ló wà látilẹ̀, òun ló ń bójú tó ètò ààbò. Babangida kó àwọn ọ̀gágun míì dání lọ sílé, ó fi òun sílẹ̀. Dìkírì 61 yẹn náà ló sì là á kalẹ̀ pé tí olórí bá kúrò níbẹ̀, ẹni tó ga jù tẹ̀ lé e ni kó bọ́ síbẹ̀. Mo máa ń bi ara mi pé ṣé lọ́yà UAC ò ka ojú ìwé yẹn ni, àbí ó kà á, ó rò pé wọ́n á tẹ̀ lé ìyókù.

Epo bẹntiróòlù: 70 kọ́bọ̀ lítà kan, ó di náírà 5 nínú Oṣù Kọkànlá 1993. Lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo o, ó lé ní ìlọ́po méje. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ yanṣẹ́ lódì. Abacha dé, ó já a sí náírà 3 àti kọ́bọ̀ 25, àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́ fún un. Ẹnì kan kọ ọ́ sínú script ẹ̀ pé Ṣónẹ́kàn fi epo "wọ́n díẹ̀". Díẹ̀? Ẹni tó wà ní gáréèjì láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ò lè sọ pé díẹ̀. Lójú tèmi ọ̀rọ̀ epo yìí tún ni UAC náà: ìṣirò ẹ̀ lè pé lórí tábìlì ìgbìmọ̀, ẹni tó jẹ́ alága ilé iṣẹ́ lè fowó kún ọjà kó sì sùn dáadáa, ṣùgbọ́n ìjọba tí ìlú ò dìbò yàn, tí gbogbo Èkó ń bínú sí nítorí June 12, tó wá gbé owó epo sókè bẹ́ẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan náà tí kọ́ọ̀tù lé e níta, àánú ẹ̀ ṣe mí.

Ẹ má lo fọ́tò bàálù òyìnbó fún ọ̀rọ̀ bàálù tí wọ́n já gbà. Nigeria Airways ni, Airbus, ọjọ́ 25 Oṣù Kẹwàá 1993, láti Èkó ló ń lọ Àbújá, àwọn ọ̀dọ́ mẹ́rin já a gbà, ó balẹ̀ sí Niamey ní Nìjẹ̀r, wọ́n ní kí ìjọba fìdíhẹ kúrò ńlẹ̀. Ṣọ́jà Nìjẹ̀r ló yanjú ẹ̀.

Ìwé ìròyìn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sanwó fún ẹni tó ní òun máa bá yín wá Concord ti Oṣù Kẹsàn-án 1993, ẹ gba owó yín padà. Ìjọba Babangida ti ti Concord àti Punch pa nínú Oṣù Keje ọdún yẹn. Àwọn bíi TELL àti TheNews ń tẹ̀ ní kọ̀rọ̀, wọ́n ń tà á ní kọ̀rọ̀. Àlàfo yẹn gan-an jẹ́ ìtàn, ẹ ya pẹpẹ tó ṣófo nílé ìkówèésí kẹ́ ẹ sọ ìdí tó fi ṣófo. Ẹ lọ síbi ìkówèésí ìjọba tó wà ní Yábàá, ẹ mú súúrù pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀, ẹ ra omi tútù fún wọn, ẹ má fi drone dẹ́rù bà wọ́n.

Àgbà tẹ́ ẹ fẹ́ fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò: ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó sanwó bóyá ó mọ ẹni tẹ́ ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ ẹ̀. Wọ́n gbé bàbá kan wá fún mi kí n gé, wákàtí lórí wákàtí, bàbá wọ agbádá, wọ́n bu omi, wọ́n sọ̀rọ̀ Abíọ́lá, wọ́n sọ̀rọ̀ Awólọ́wọ̀, wọ́n sọ bí wọ́n ṣe pàdé ìyàwó wọn kejì, Ṣónẹ́kàn ò wọnú ẹ̀ àfi ìgbà tí ẹni tó ń béèrè ọ̀rọ̀ dárúkọ ẹ̀, bàbá wá ní "ẹni yẹn ńkọ́?" Wọ́n ti san owó ẹ̀ tán ṣáájú. Ìyẹn nìkan ni mo fi sílẹ̀ nínú fídíò náà, "ẹni yẹn ńkọ́?", oníṣẹ́ bínú sí mi, àwọn èèyàn sì fẹ́ràn ẹ̀ ju gbogbo ìyókù lọ.

Ẹ má fi àkòrí "Àṣírí Abẹ́òkúta" sí i torí pé Ọbásanjọ́, Abíọ́lá àti Ṣónẹ́kàn ti ibẹ̀ wá. Ó ti sú wa.

Ọ̀kan tó kù, ẹ má pa á lọ́jọ́ 17 Oṣù Kọkànlá. Ọjọ́ 11 Oṣù Kìíní 2022 ló kú, l'Ékòó, ẹni ọdún 85. Ọdún 28 wà láàárín! Ìpàdé àpérò lórí ọrọ̀ ajé tí wọ́n ṣì ń ṣe lọ́dọọdún l'Ábùjá dòní, àkọ́kọ́ ẹ̀ wáyé nínú Oṣù Kejì 1993 nígbà tó wà lórí ìgbìmọ̀ Babangida, orúkọ ẹ̀ ni wọ́n sì máa ń dá tí wọ́n bá ń sọ ẹni tó dá a sílẹ̀. Láyé Yar'Adua wọ́n fi í ṣe alága àjọ tó ń bójú tó àdéhùn àárín ìjọba àtàwọn ilé iṣẹ́ aládàáni lórí títì àti afárá àtàwọn nǹkan bẹ́ẹ̀. Èyí tẹ́ ẹ ò fẹ́ fọwọ́ kàn ni ti 1996, nígbà tí Abacha, Abacha kan náà, gbé ìgbìmọ̀ Vision 2010 kalẹ̀, èyí tó ń gbèrò bí Nàìjíríà ṣe máa rí tó bá di 2010, tó sì fi Ṣónẹ́kàn ṣe alága ẹ̀, ó sì gbà á. Abíọ́lá wà látìmọ́lé lákòókò yẹn. Ẹ sọ ọ́. Àwọn tó máa bú u á bú u, àwọn tó máa ní ó fẹ́ràn ìlú ju ara ẹ̀ lọ á sọ bẹ́ẹ̀, èmi rò pé ẹni tó ti lo ìgbà èwe ẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń pe ìgbìmọ̀, tí wọ́n bá ti pè é sí ìgbìmọ̀, ó máa lọ ni. Àmọ́ ìyẹn ò ní kí inú àwọn ará ilé Abíọ́lá dùn, kò sì yẹ kó dùn.

Ọ̀rọ̀ owó mi kò yí padà, ẹni tó bá gbé ọ̀rọ̀ tó ti wádìí wá, mo máa dín díẹ̀ fún un. Ẹni tó bá gbé fìlà ṣọ́jà wá máa san ìlọ́po méjì. Ẹni tó bá sì ní àwọn ìwé ìròyìn ọdọọdún UAC láti 1980 sí 1992 nílé, tí eku ò tíì jẹ ẹ́, kó kàn sí mi, mo máa rà á, kò pọn dandan kí ẹ̀yìn ìwé ẹ̀ pé.